Rótìmí, Kòsọ́kọ́, Káṣìmáawòó: Ìtàn Tó Wà Lábẹ́ Ìwé Stay With Me

 Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìtàn-àròsọ kan ni a fẹ́ fi sọ ìtàn gidi. Ìwé náà ni Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, tí ilé-iṣẹ́ Canongate tẹ̀ jáde ní 2017, tí ó sì wọ àárín ìwé mẹ́fà tí wọ́n yàn kẹ́yìn fún ẹ̀bùn Baileys ti àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ní ọdún kan náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò tètè mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ́ ni àkọlé yẹn. Rótìmí ni wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ọmọ ni, ó sì ti ní ìtàn tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ ìwé náà.

Ẹ jọ̀wọ́, a ó tú àṣírí inú ìwé yìí o. Bí ẹ kò bá tíì kà á, ẹ kọ́kọ́ lọ kà á, kí ẹ tó padà wá.

Iléṣà ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Akin ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Yéjídé ìyàwó rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò pé àwọn kò ní ṣe ilé olórogún. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ kò dé. Ní 1985, àwọn ẹbí mú ìyàwó kejì, Fúnmi, wá ká Yéjídé mọ́ pálọ̀ rẹ̀. Bàbá Lọlá àti Ìyá Martha ló ṣíwájú wọn. Ìdààmú bá obìnrin náà. Ó gun òkè lọ bá wòlíì, ó fún ewúrẹ́ lọ́mú níbẹ̀, ikùn rẹ̀ sì wú bíi ti aláboyún fún oṣù púpọ̀ láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Àṣé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Akin kò lè bá obìnrin lò pọ̀, ó sì mọ̀. Ó fi í pamọ́ fún Yéjídé, ó fi í pamọ́ fún Mọ̀ọ́mi ìyá rẹ̀. Dọ̀tun àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó sọ fún, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọlé tọ ìyàwó òun kí ọmọ lè wà nínú ilé. Ọmọ mẹ́ta ni Yéjídé bí: Ọlámidé, Sẹ̀san, Rótìmí. Méjì àkọ́kọ́ kú. Fúnmi náà kú, àtẹ̀gùn ilé ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀, ikú yẹn sì ní àṣírí tirẹ̀ tí Akin nìkan mọ̀.

Ẹ óò rí i pé kì í ṣe àṣírí kan ṣoṣo. Ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Ìdí tí a fi ń pè é ní ìwé tó yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni pé òǹkọ̀wé kò fi ẹbí náà sí ojú òfuurufú. Àwọn ológun ló ń kọ kàlẹ́ńdà fún wọn. Ní ìparí 1983 ni Buhari gbàjọba. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1985, Babangida gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Iléṣà wà. Ọjọ́ tó pé ọdún mẹ́fà gééré, 27 oṣù kẹjọ 1991, Babangida kan náà gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń gbé Iléṣà ní gbogbo àkókò yìí yí ìpínlẹ̀ padà láìkúrò nínú yàrá rẹ̀. Yunifásítì tí Akin àti Yéjídé ti pàdé náà yí orúkọ padà ní 1987, lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 dé, ìjọba fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìlú sì dàrú. Èkó ni Akin àti Rótìmí wà nígbà tí wàhálà yẹn bẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀. Yéjídé tó wà nílé gbà pé ó ti parí, pé ọmọ kẹta náà ti lọ. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá yà sí ibi tó ń dùn mọ́ wa jù nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ìyẹn orúkọ.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, tí ìwé tó fọwọ́ kọ ti sọnù, tí àbúrò rẹ̀ sì ti tún un kọ. Nínú ìwé yẹn, ó ya àyè sọ́tọ̀ fún orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó, Dúrósinmí àti àwọn mìíràn. A máa ń kà wọ́n kọjá lọ bí ẹni ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì wọ́n díẹ̀. Gbólóhùn ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ gbólóhùn àṣẹ tàbí ti ẹ̀bẹ̀ tí a ń bá ọmọ sọ ní ojúkojú. Orúkọ àmútọ̀runwá ń sọ bí ọmọ ṣe wá. Oríkì ń wú ọmọ lórí. Orúkọ àbíkú ń bẹ ọmọ fún ohun kan: má lọ mọ́, bá mi jókòó, dúró kí o sin mí. Dúrósinmí nìkan tó láti sọ gbogbo ìpayà òbí, nítorí pé ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ayé tò bó ṣe yẹ kó tò, kí ọmọ gbẹ̀yìn òbí.

Kòsọ́kọ́ yàtọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò bẹ ọmọ mọ́, ó ti sú u. Kò sí ọkọ́: ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́ ti tán, bí o bá tún kú, o mọ bí o ṣe máa ṣe é. Orúkọ yìí ni ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851 ń jẹ́, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé kúrò ní oṣù kejìlá 1851. Nínú ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, Kòsọ́kọ́ jẹ́ ọba, ó jẹ́ ọ̀tá Akíntóyè, ó jẹ́ olówò ẹrú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí pé orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti kú níwájú rẹ̀, kí ìyá kan sì ti sunkún títí kó tó sọ̀rọ̀ ọkọ́.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n dìbò fún ní 1993. Moshood Káṣìmáawòó Ọláwálé Abíọ́lá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1937. Ọmọ kẹtàlélógún ni fún bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Kí á ṣì máa wò ó ni wọ́n sọ ọ́: ẹ má tíì yọ̀, ẹ má tíì sunkún, ẹ jẹ́ kí á wò ó ná. Àwa tí a bí lẹ́yìn tí ó ti kú, K tó wà láàárín MKO ni a mọ̀. A kì í sábà bèèrè ohun tí K yẹn dúró fún. Nítorí náà, ní oṣù kẹfà 1993, orílẹ̀-èdè kan ń jà nítorí Káṣìmáawòó, Rótìmí sì wà lórí ibùsùn ní Èkó láàárín ìjà náà. Bóyá òǹkọ̀wé rò ó tàbí kò rò ó, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò lè ṣàì rí i.

Sẹ̀san, ọmọ kejì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ohun tó ń pa wọ́n lọ́mọ. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ tún wo ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yẹn: a-fi-òní-kú, a-fi-ọ̀la-dìde. Ẹni tó bá ti rí ẹni tí àìsàn náà gbé dè lálẹ́ tí ó tún jókòó jẹun ní ọjọ́ kejì mọ̀ pé ẹni tó hun orúkọ yẹn ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn òyìnbó kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn wọn títí di 1910, nígbà tí dókítà James Herrick ní Chicago ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Walter Clement Noel, ọmọ Grenada, tó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Noel padà sílé, ó ṣiṣẹ́ eyín rẹ̀, ó sì kú ní 1916 láìpé ọmọ ogójì ọdún. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmogilóbíìnì inú ẹ̀jẹ̀ náà gan-an ló yàtọ̀. Ní 1954, Anthony Allison tọ́ka sí ìdí tí àrùn náà fi pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa: ẹni tó bá ní S ẹyọ kan, ìyẹn AS, ibà ẹ̀fọn kì í tètè pa á ní kékeré. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ kan ni ó ń pa àbúrò rẹ̀.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, ní gbogbo ìgbà tí oyún bá dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Bí ẹni ń da ayò ni, gbogbo ìgbà tí a bá dà á ni ó lè ṣubú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè sin mẹ́ta tẹ̀léra, tí ilé kejì sì lè sin ẹyọ kan láàárín méje. Ẹ ro bí èyí ṣe máa rí lójú àwọn bàbá wa: ọmọ méjì wà, ara wọn le bí òkúta, ọmọ kẹta ń ṣàìsàn, ó kú, ẹ̀kẹrin jọ ọ́, òun náà kú. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. A lè rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ohun kan ń tẹ̀lé ẹbí kan pàtó. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́.

Síbẹ̀, a ó ṣọ́ra níbí. Àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin pé àbíkú ni SS, SS ni àbíkú, ó ti tán. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn Iléṣà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí á gbà á. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tẹ̀lé bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ní kíníìkì, èyí tí gbogbo ìyá wa mọ̀, ti gbilẹ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí Morley rí tó ń pa ọmọ ní agbègbè yẹn ni ìgbóná èéyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹun-kánú. Ìgbóná èéyi nìkan lè kó ọmọ méjì nínú ilé kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú àwọn tí ìyá wọn sọ ní Málọmọ́, ta ló lè mọ iye tí èéyi pa, iye tí ibà pa, iye tí S pa? Inú àpò kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, orúkọ àpò náà sì ni àbíkú. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi oníyọ̀-àti-ṣúgà dé, tí Olíkóyè Ransome-Kútì tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992 ń gbé e kiri ìlú, ni àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ ni S, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ fún un. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún Ransome-Kútì wọ̀nyí ni ọdún tí Yéjídé ń bímọ nínú ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ kú ní àkókò tí ikú ọmọ kò yẹ kó jẹ́ ohun ojoojúmọ́ mọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì í tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Dọ̀tun. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ ìwé yìí láàárín ara wa, ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní ohun ìríra ni, pé kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí kò bá sí èrò. Nínú òfin ìgbéyàwó àtijọ́, ẹni tó san ìdána ló ni ọmọ tí ìyàwó bá bí. Bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ lè ṣú opó, ọmọ náà yóò sì wà nínú agbo ilé kan náà. Ilé tí òkóbó bá wà ní ọ̀nà tó ń gbà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn tó sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kì í ju ẹni mẹ́ta mẹ́rin lọ: ọkọ, ìyàwó, àgbà ilé kan. Ìyàwó wà lára wọn. Ibẹ̀ ni Akin ti ṣẹ̀, lójú tiwa. Ó mú ọgbọ́n ilé àtijọ́, ó yọ obìnrin kúrò nínú ìmọ̀ràn rẹ̀. Ó jẹ́ kí Yéjídé rò pé òun ló ya àgàn, ó jẹ́ kí ó gun òkè, ó jẹ́ kí wọ́n mú Fúnmi wá, ó tún wá ṣètò bí àbúrò òun yóò ṣe fa ojú rẹ̀ mọ́ra, bí ẹni pé òun kọ́ ló ni ara rẹ̀.

Ohun tí Akin kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ayé ti yí. Bàbá àgbà rẹ̀ lè fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ wọ ibojì, nítorí ojú àti imú nìkan ni wọ́n fi ń dá ọmọ mọ̀, àbúrò bàbá sì lè jọ bàbá. Ní Iléṣà ọdún 1990, ilé ìwòsàn lè gba ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kò lè jẹ́ SS àfi kí ó gba S kan lọ́dọ̀ ìyá, kí ó gba S kan lọ́dọ̀ ẹni tó lóyún rẹ̀ lóòótọ́. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n gbà láti fi wo ọmọ sàn lè di ẹ̀rí nípa bàbá rẹ̀. Nígbà àtijọ́, babaláwo ni à ń bi pé, ‘Ta ni ọmọ yìí?’, ó sì máa ń mọ ibi tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ìwé àyẹ̀wò kò mọ bí a ti ń dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ àròkọ yìí jẹ́ SS, orúkọ àbíkú ni ó sì ń jẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti lọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ orúkọ náà nígbà yẹn. Wọ́n ní ti ayé àtijọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì fẹ́ ẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò. Ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé ìyá àgbà òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó tún ní kí a kọ ọ́ pé ọyẹ́ ni ọ̀tá òun jù, àti pé kí ẹ yé bi òun ní gbogbo ìgbà bóyá ara òun le.

Àwa tó kù, ìbéèrè tiwa ti ń súnmọ́ tòsí. A ti tó ẹni tó ń mú ẹni ilé hàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ àti ní mọ́sáláṣí mìíràn, wọn kò ní so yín pọ̀ bí ẹ kò bá mú ìwé jẹ́nótáìpù wá. Ó sì wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi AS rẹ̀ pamọ́ títí ìfẹ́ yóò fi wọ̀ ọ́ lára, kí ó tó wá sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ku sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ AA sí ìwé. Nígbà tí a ka ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, Akin ni gbogbo wa ń bú. Ó yani lẹ́nu bí ilé ṣe pa rọ́rọ́ nígbà tí ẹnì kan bèèrè pé ta ló ti sọ ti ara rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a rìn, tí ọwọ́ kò sì nà tó márùn-ún.

Àgbéyẹ̀wò mìíràn lè bá ọ̀rọ̀ orúkọ Yéjídé fúnra rẹ̀ jà. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ pé ìyá ti jí, ó ti dé. Ó wá dàgbà láàárín àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń rán an létí pé kò ní ìyá, pé ìyá tó bí i kò ní ìdílé tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ìpadàbọ̀ ni ó wá bí ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó má lọ. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ.

Ní oṣù kejìlá 2008, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí Yéjídé ti sá lọ sí Jọ́ọ̀sì, Akin ránṣẹ́ sí i pé bàbá òun kú, kí ó wá bá òun sìnkú. Ó wọ ọkọ̀ láti Jọ́ọ̀sì wá sí Iléṣà, ó bọ́ sílẹ̀ níbi ìsìnkú, ó sì bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ti dàgbà, ọmọ tí ó ti sunkún rẹ̀ tán láti ọjọ́ yìí. Ọmọ náà kò jẹ́ Rótìmí mọ́. Ó ti gé orúkọ rẹ̀ kù, ó ní Tìmí ni kí gbogbo ènìyàn máa pe òun. Ẹ wo ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: ‘dúró’ ti yọ kúrò, ẹ̀bẹ̀ ti yọ kúrò. ‘Tì mí’ ló ṣẹ́ kù.